Sẹ́kítírì set, ẹ wá gbọ́: bí mo ṣe ń wá ìròyìn àwọn tá a jọ jáde yunifásítì

Abẹ́ kánópì ni wọ́n ti fi mí ṣe sẹ́kítírì set wa. Ìgbéyàwó ọmọ ọ̀kan nínú wa ni, ní Òkè-Ìlèwó, l'Abẹ́òkúta níbí, ọwọ́ tí mo fi jẹ àmàlà láfún ni mo ṣì ń fọ̀ lọ́wọ́ tí mo gbọ́ tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́, mo gbójú sókè, àṣé èmi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ò ju ẹyọ kan lọ: ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí n máa kọ ìròyìn àwọn ará wa, ta ni wọ́n gbé ga lẹ́nu iṣẹ́, ta ló fẹ̀yìntì, ta ló joyè, ta ló ti di bàbá àgbà, ta lọlọ́jọ́ dé bá. Mo rò pé iṣẹ́ kékeré ni. Ó ti pé ọdún márùn-ún báyìí, àwọn sẹ́kítírì set míì sì ti ń pè mí, ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí tiyín fi máa ń gùn tó yẹn, torí náà mo ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹnu mi sinmi.

Ẹ kọ́kọ́ lọ ra lẹ́jà. Lẹ́jà gidi ni mò ń wí o, ẹlẹ́yìn líle, ẹ má gbára lé fóònù, torí tèmi bọ́ sínú omi ní Láfẹ́nwá lọ́dún kejì, gbogbo nọ́ńbà tí mo fi oṣù mẹ́jọ kó jọ sì bá a lọ. Ojú ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tẹ́ ò mọ ibi tó wà. Tẹ́ ẹ bá ń wá orúkọ, ìwé tí wọ́n pín lọ́jọ́ convocation yín ni kẹ́ ẹ wá, orúkọ gbogbo ẹni tó gba dìgírì lọ́dún yẹn máa ń wà nínú ẹ̀ ní dipátímẹ́ǹtì-dipátímẹ́ǹtì. Tẹ́ ò bá ní i mọ́, ẹ bi àwọn ìyá, ìyá ẹnì kan ṣì máa ní i nísàlẹ̀ àpótí, wọn kì í sọ irú ìwé yẹn nù.

Orúkọ mẹ́ta lẹ máa kọ sójú ewé ẹnì kan: èyí tó ń jẹ́ nílé ìwé, èyí tó ń jẹ́ báyìí, àti inágijẹ. Ẹ má fojú kékeré wo inágijẹ o. Àwọn obìnrin ti gba orúkọ ọkọ, ìyẹn la mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin náà ti yí tiwọn, ẹni tó fi Ifá tàbí Ògún tàbí Èṣù bẹ̀rẹ̀ orúkọ nígbà yẹn ti lè fi Olú tàbí Jésù rọ́pò ẹ̀, ẹ máa wá a lórí Facebook títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ ò ní rí i. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú wa pé "Ìrẹsì dà?", kíá ni wọ́n máa júwe ilé ẹ̀ fún yín.

Orúkọ ilé ìwé náà ní tiẹ̀, èyí tó ń jẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ni yẹn jáde ni kẹ́ ẹ kọ, torí òun ló wà lára sàtífíkéètì ẹ̀. Ẹ wo ti Abẹ́òkúta níbí, 1988 ni yunifásítì ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn bẹ̀rẹ̀, UNAAB là ń pè é kó tó di FUNAAB, kó sì tó di 1988 rárá, abẹ́ UNILAG ni ọgbà yẹn wà, COSTAB ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó jáde Ifẹ̀ ṣáájú 1987, University of Ife ni tiẹ̀, ọdún tí Awólọ́wọ̀ kú ni wọ́n tó fi orúkọ ẹ̀ sọ ọ́. OSU Àgọ́-Ìwòyè, ìyẹn Ogun State University, di Olabisi Onabanjo University (OOU) ní 2001. Àwọn bàbá wa tó jáde Ìbàdàn ṣáájú 1962, University College ni wọ́n lọ, dìgírì University of London ni wọ́n sì gbà níbẹ̀. Ẹ kọ OOU fún ẹni tó jáde OSU ní 1990 kẹ́ ẹ wá wò ó, ó máa pè yín kẹ́ ẹ tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ó yá, ibi tí iṣẹ́ gan-an wà nìyí. Ẹ má retí pé ìròyìn máa wá bá yín lórí WhatsApp. Mo ti gbìyànjú ẹ̀, mo kọ ọ́ pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará wa, ẹ fi ìròyìn yín ránṣẹ́, àwọn márùn-ún kan náà ló ń dáhùn nígbà gbogbo, ọ̀kan gba àwọọ̀dù, ọ̀kan tún gba àwọọ̀dù, ẹ̀kẹta fi fọ́tò ara ẹ̀ níwájú mọ́tò ránṣẹ́, àwọn tó kù ń tẹ congrats congrats congrats títí fóònù á fi gbóná. Àwọn bí ogóje tó dákẹ́ wá ńkọ́? Ọwọ́ àwọn yẹn ni ìròyìn wà, wọn ò kàn mọ̀ pé ìròyìn ni, àwọn lẹ sì máa pè, lẹ́nu lẹ́nu, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn wọn.

Ìrọ̀lẹ́ Sunday, bí aago márùn-ún, ló dára jù. Saturday, gbogbo èèyàn wà lóde àríyá, ẹ ò ní gbọ́ra yín. Friday láàárín aago kan sí méjì, ẹ fi àwọn ará wa tó jẹ́ Mùsùlùmí sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti gbé e, ẹ má ṣe bi wọ́n pé "kí lò ń ṣe báyìí?" Mo bẹ yín. Ìbéèrè yẹn ti pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, ẹni tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ á ti máa wá ọ̀nà àtipa fóònù, ẹni tó sì ń ṣe dáadáa á rò pé owó lẹ fẹ́ tọrọ. Ẹ kí i dáadáa, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, màmá ńkọ́, kẹ́ ẹ wá bi í pé, "Ta lo rí láìpẹ́ yìí nínú àwọn ará wa?" Ìbéèrè yìí ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Ó máa sọ ti ẹni méjì fún yín láìmọ̀, bó bá sì ti ń sọ ti ẹlòmíì, tiẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan tá a jọ jáde. Dipátímẹ́ǹtì ìmọ̀ oúnjẹ ló wà, ọdún mẹ́ta ni mo fi pè é, gbólóhùn kan náà ló ń sọ fún mi: "Sẹ́kítírì, kò sí ìròyìn lọ́wọ́ mi jàre, lọ bá àwọn tó ń ṣe bẹbẹ." Lọ́jọ́ kan, mò ń bá a sọ̀rọ̀, ariwo kan ń dún lẹ́yìn ẹ̀ gbùrù-gbùrù.

Mo ní, "Kí ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ yẹn?"

Ó ní, "Ẹ̀rọ ni. À ń lọ láfún."

Mo ní, "Ẹ̀yin ta ni 'à ń lọ'?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Ìyá méjì tó ń bó ẹ̀gẹ́, ọkùnrin méjì tó ń rẹ ẹ́ tó sì ń fún un, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń gbẹ ẹ́, ẹni tó ń lọ̀ ọ́, ọmọ kan tó ń wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá, dírẹ́bà tó ń gbé e lọ Èkó. Èèyàn mẹ́jọ! Ẹni tí ò níròyìn ló ń sanwó oṣù èèyàn mẹ́jọ. Mo tún bi í pé ṣé kò sí àpáta mọ́ ni, torí gbogbo wa la mọ̀ bí wọ́n ṣe ń sá láfún sórí àpáta lágbègbè wa níbí, tí ewúrẹ́ ń gba orí ẹ̀ kọjá tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ iyanrìn sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tóun ṣe iṣẹ́ àṣekágbá òun lé lórí nílé ìwé nìyẹn, bí wọ́n ṣe lè gbẹ láfún láìsí iyanrìn nínú ẹ̀, ìgbà tóun parí àgùnbánirọ̀ tóun ò ríṣẹ́, òun gbé ìwé yẹn lọ bá wẹ́dà kan, àwọn méjèèjì jọ jó irin títí ẹ̀rọ fi jáde, ẹ̀kẹrin ẹ̀ ló wá ṣiṣẹ́. Ìyá ẹ̀, tí kò mọ̀wé, ṣì máa ń wá láràárọ̀ wá fọwọ́ pa láfún yẹn wò bóyá ó kúnná tó.

Tẹ́ ẹ bá wo bí mo ṣe kọ tiẹ̀ nígbà tó yá, ìlà mẹ́rin péré ni: ó jáde dipátímẹ́ǹtì ìmọ̀ oúnjẹ, ó sọ iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀ di ẹ̀rọ tó ń gbẹ láfún, èèyàn mẹ́jọ ló ń bá a ṣiṣẹ́, ìyá ẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i kó tó jáde. Congrats kọ́ ni wọ́n fi dáhùn lọ́jọ́ yẹn o, ìbéèrè ni, ẹnì kan fẹ́ ra, ẹnì kan fẹ́ mọ iye tí ẹ̀rọ ń jẹ, àwọn méjì kan tí mi ò gbóhùn wọn rí sì tẹ̀ mí láago fúnra wọn pé àwọn náà ní nǹkan báyìí-báyìí tí àwọn ń ṣe. Látìgbà yẹn, mo ti dẹ́kun àtimáa fi ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ ìròyìn wa.

Kì í ṣe pé kẹ́ ẹ má kọ ti ọ̀gá àgbà o. Ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ dáadáa, torí àwọn oyè yìí ní àkàbà. Reader tàbí Associate Professor ò tíì di Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má gbé e gorí àga tí wọn ò tíì fún un. Ẹ bi í pé ọjọ́ wo ni lẹ́tà ìgbéga yẹn ń kà láti, torí ó lè jẹ́ October ọdún méjì sẹ́yìn kí lẹ́tà fúnra ẹ̀ tó jáde lánàá. Láàárín àwọn akáùńtáǹtì, ACA (associate) yàtọ̀ sí FCA (fellow), FCA ló ga jù. Bó bá jẹ́ oyè orílẹ̀-èdè, MON ló wà nísàlẹ̀, MFR ló lé e, kó tó wá kan OON, OFR, CON, CFR, GCON, títí dé GCFR tó wà lókè pátápátá, ẹni tí wọ́n fún ní OFR ò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ yín tẹ́ ẹ bá kọ OON. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀wọ̀ lásán fún ní dọ́kítọ́réètì, ẹ sọ pé ọ̀wọ̀ ni, ẹ má pè é ní Ọ̀mọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó sùn sí làbù fún ọdún mẹ́fà. Àwọọ̀dù tí wọ́n ń fúnni ní hòtẹ́ẹ̀lì, èyí tó jẹ́ pé ẹ máa kọ́kọ́ ra tébù kí wọ́n tó pe orúkọ yín, ìyẹn, ẹ kí i kú oríire lábẹ́lẹ̀ kẹ́ ẹ gbàgbé ẹ̀.

Ẹnu mi ló gbọgbẹ́ tí mo fi ń sọ eléyìí. Mo kọ ọ́ nígbà kan pé ọ̀kan nínú wa ti di daírẹ́kítọ̀ níbi iṣẹ́ ẹ̀, àṣé ó kàn ń di ipò yẹn mú ni, ẹni tó ni ipò wà ní ìsinmi àìsàn, ẹnì kan ya ìròyìn wa ní screenshot, ó dé ọ́fíìsì, ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé títí ẹnu ẹ̀ gbẹ. Ó ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń ra ọtí fún un lójú ìpàdé.

Èyí tó tún burú jùyẹn ni ti ikú. Ẹnì kan fi pósítà ìsìnkú ránṣẹ́ sí mi, orúkọ ọ̀kan nínú wa ló wà níbẹ̀, n ò wo fọ́tò dáadáa, mo ti kọ ọ́ pé ọ̀kan ti ja nínú wa, ẹkún ti sọ lórí grúpù, kò pé ogún ìṣẹ́jú, fóònù mi dún. Òun ni. Ó ní, "Sẹ́kítírì, màlúù mélòó lo máa mú wá síbi ìsìnkú mi?" Bàbá ẹ̀ ló kú, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Ilẹ̀ ò la ẹnu gbé mi mì lọ́jọ́ yẹn. Torí náà, òfin mi rèé: ọ̀rọ̀ ikú, n kì í kọ ọ́ àfi kí n gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn méjì, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ilé yẹn. Mùsùlùmí máa ń sìnkú wọn kíákíá, ọjọ́ kan náà ni lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí náà ẹ béèrè ọjọ́ fídàú kí àwọn tó fẹ́ lọ lè lọ. Kristẹni máa ń dúró de ètò ìdílé, ẹ dúró dè é pẹ̀lú wọn. Irú àìsàn tó ṣe é, ẹ má kọ ọ́, kódà "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́" yẹn, ẹ bi wọ́n ná, torí àwọn míì ti fi ọdún méje tọ́jú ẹni tẹ́ ẹ ń pe àìsàn ẹ̀ ní ráńpẹ́.

Ìfẹ̀yìntì ní tiẹ̀ ò le, ìṣirò ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹni 60 ọdún tàbí ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹni tó wọlé ní 1991, ẹ fi 35 kún un, 2026 nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sójú ewé ẹ̀ látòní. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì, 70 ni, àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì tí kì í kọ́ni, 65. Tíṣà tí òfin ìfẹ̀yìntì àwọn tíṣà tí wọ́n ṣe ní 2022 bá kàn, 65 tàbí ọdún 40 lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é lọ́jọ́ tó fẹ̀yìntì. Ọjọ́ yẹn, kéèkì wà, àsọ̀rọ̀kẹ́lẹ́ ò sí, gbogbo ohun tó máa sọ fún yín ni pé a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ pè é lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, nígbà tí ilé ti dá, tí kò sẹ́ni tó ń pè é ní sà mọ́, tí pẹ́ńṣọ̀n ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìgbà yẹn ló máa sọ ohun tó fẹ́ ṣe gan-an fún yín, ìgbà yẹn náà ló sì nílò pé kí ẹnì kan pè é.

Torí ìròyìn èèyàn kì í tán síbi ipò tó ga jù tó dé. Ẹ wo Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ Òwu tiwa yìí, ó ṣe mínísítà ètò ìdájọ́, ó ṣe adájọ́ ní ilé ẹjọ́ àgbáyé ní The Hague láti 1991 sí 1994, tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni sẹ́kítírì set ẹ̀ ti dúró, ìdajì ló kọ, torí ó padà wálé wá dá Crescent University sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta níbí ní 2005, kó tó dolóògbé ní 2023. Ọbásanjọ́ ṣe ààrẹ tán, ó tún gba fọ́ọ̀mù National Open University, ó sì gba PhD níbẹ̀ ní 2018, ẹni 80 ọdún! Nínú set wa, a ní ẹnì kan tó fi bánkì sílẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, a ní èyí tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú lẹ́ni ọdún 57, àwọn ọmọ tó ń kọ́ ọ sì kéré sí ọmọ bíbí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oyè náà wà níbẹ̀, pàápàá níbí. Tẹ́nì kan bá ní òun ti di Balógun, ẹ bi í pé Balógun ibo. Ẹ̀gbá ní apá mẹ́rin, Aláké wà, Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà wà, Àgùrá wà, Olówu wà, lábẹ́ wọn ni àwọn ìlú kéékèèké tó kóra jọ síbí láti 1830 wà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní àwọn olóyè tiẹ̀. Ẹ kọ "Balógun Ẹ̀gbá" fún Balógun àdúgbò kan, wàhálà dé. Bákan náà ni Bàbá Ìjọ àti Bàbá Àdínì, ẹ kọ ìjọ wo, ẹ kọ mọ́ṣáláṣí wo.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kọ ọ́ jáde, ẹ má ṣe é gùn. Ìlà mẹ́ta, mẹ́rin fún ẹnì kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ, "ọmọ wa àtàtà, òṣùpá tí ń tàn" yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún onílù. Ìlú wa yìí kúkú ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ ìwé ìròyìn lédè Yorùbá, 1859, Henry Townsend ló tẹ̀ ẹ́, ìròyìn ìjọ ló pọ̀ nínú ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ta ló dé, ta ló lọ, ta ni wọ́n fi ṣe àlùfáà. Ṣé iṣẹ́ tiwa kọ́ nìyẹn? Mo máa ń rántí ẹ̀ tí mo bá ń gba Aké kọjá, inú mi á dùn díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún ẹni tó ni ín, lórí fóònù, láti orí dé ìdí, kó tó jáde. Tó bá ní kẹ́ ẹ yọ nǹkan kan, ẹ yọ ọ́, ẹ má bá a jiyàn. Àwọn tó ti jápa, ẹ má kọ ìlú tí wọ́n ń gbé àfi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ kọ ọ́, àwọn míì ṣì ń to ìwé wọn lọ́wọ́. Ilé tuntun, jíìpù tuntun, ẹ má kọ ọ́, gbogbo ẹni tó ń ka ìròyìn kọ́ ló ń báni yọ̀ láyé tí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ wà yìí. Ìgbéyàwó tó tú ò kàn wá. Nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó bi yín, kẹ́yin náà kọ́kọ́ bi ẹni tó ni ín.

Mo tún máa ń tẹ méjìlá síta ní Pánṣẹ́kẹ́, lórí pépà, torí àwọn kan ò sí lórí WhatsApp, ojú àwọn kan ò sì gba lẹ́tà kékeré mọ́, mo máa ń ní kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan lára ẹ̀ ni mo gbé fún ìyá ọ̀rẹ́ mi aláfún yẹn lọ́jọ́ kan, wọ́n kà á fún un, ó ní kí wọ́n tún un kà níbi tí orúkọ òun wà. Ìrọ̀lẹ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, kí n tó pe ẹnikẹ́ni, ọmọ ẹ̀ ló kọ́kọ́ pè mí.

"Sẹ́kítírì, gbé lẹ́jà ẹ wá. Màmá ní kí n sọ fún ẹ pé mẹ́jọ tó o kọ yẹn ò tọ̀nà mọ́, a ti di mọ́kànlá."